Ìwé-Ẹ̀rí Tí Mo Gbà Lórúkọ Yín

Yèyé mi,

Ẹ kú ulé o. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Mo kí Bàbá lóko kòkó, mo kí Délé àbúrò mi àti gbogbo ará ilé wa ní Ìjerò. Ara mi le, ọkàn mi ni kò balẹ̀. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí síta nítorí mo mọ̀ pé èmi nìkan kọ́ ni ọmọ tó hu irú ìwà yìí.

Yìnyín ti bo gbogbo Kánádà níbí. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó náà ni mo ṣì ti ń ṣiṣẹ́. Mò ń fi ṣíbí bọ́ ìyá oníyàá, n óò sì dúró títí yóò fi gbé e mì. Bó bá bi mí ní ìbéèrè kan náà lẹ́ẹ̀mẹwàá, n óò dá a lóhùn lẹ́ẹ̀mẹwàá. Bí mo bá padà sí yàrá mi, kò sẹ́ni tí yóò pe orúkọ mi. Síbẹ̀, ìyá tèmi ń pè mí, ó ń sú mi.

Nígbà tí ẹ fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ẹ ní ẹ fẹ́ kọ́ kọ̀ǹpútà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Mo ra ẹ̀rọ ránṣẹ́, mo forúkọ yín sílẹ̀. Bí ìpè ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ẹ ní páásíwọọ̀dù kò wọlé. Ẹ ní ẹ ṣèèṣì tẹ ibì kan, ẹ̀kọ́ kejì bá pòórá. Lọ́jọ́ kan, mo ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fún mi. Mo fi orúkọ yín wọlé, mo sì dáhùn gbogbo ìdánwò náà láàárín àkókò oúnjẹ ọ̀sán kan ṣoṣo. Nígbà tí ìwé-ẹ̀rí dé, mo purọ́ fún yín pé èyí tí ẹ ti kọ́ ti tó, pé ẹ ti yege. Ẹ gbà mí gbọ́. Ẹ fi gíláàsì sí i, ẹ gbé e kọ́ sí pálọ̀.

N kò mọ̀ pé àwọn tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìpòtì yóò pè yín pé kí ẹ wá kọ́ àwọn. Délé ló ròyìn rẹ̀ fún mi. Ó ní ẹ gun ọ̀kadà lọ, ẹ ṣí ẹ̀rọ níwájú wọn, ẹ wá ibi tí wọ́n ti ń kọ lẹ́tà títí, ẹ kò rí i. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin tí ẹ ti lo gbogbo ayé yín níwájú bọ́ọ̀dù, ẹ pa ẹ̀rọ náà dé, ẹ dìde kúrò níwájú wọn. Nígbà tí ẹ délé, ẹ sọ fún Délé pé bóyá ọpọlọ yín ò gba nǹkan mọ́.

Ọpọlọ yín pé, Yèyé mi. Èmi ni mo jí ẹ̀kọ́ yín gbé.

Mo pè yín, mo sì jẹ́wọ́. Mo ní n óò fi fóònù tuntun ránṣẹ́, ẹ ní ẹ ò fẹ́. Ẹ ní kí n ṣáà sọ bí wọ́n ṣe ń padà sí ẹ̀kọ́ kìn-ín-ní. Mo jókòó, a jọ ṣe é, n kò kánjú.

Lánàá ni ẹ fi máàkì ìdánwò àkọ́kọ́ ránṣẹ́: mẹ́rin nínú mẹ́wàá. Ẹ ní ẹ ó tún un ṣe, ẹ sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ sọ ìdáhùn kankan fún yín. Mo sunkún níbi iṣẹ́. Mẹ́rin yẹn, ẹ̀yin lẹ ni ín.

Ẹ̀mí yín yóò gùn, ojú yín yóò mọ́lẹ̀, ẹ ó jèrè ọmọ. Ẹ bá mi kí tilé-toko.

Èmi ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀,
Fúnmiláyọ̀