Ọwọ́ Tó Ń Bò Mí Lẹ́nu

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ohùn yín ò ní wọlẹ̀. Ẹ má dárúkọ mi. Ẹ kàn ní aránṣọ kan ló kọ ọ́.

Gbogbo ìrọ̀lẹ́ Sátidé lèmi àti baálé mi fi ń wo ìjàkadì orí tẹlifíṣọ̀n. Ẹni tó ń jà bí ọmọlúàbí lèmi ń gbè lẹ́yìn. Òun ní tiẹ̀, Apárí ló ń gbè lẹ́yìn, ọ̀dájú tó máa ń gbé àga irin la èèyàn bí rẹfirí bá ti kọ̀yìn sí i. Màá pariwo pé, “Rẹfirí, wẹ̀yìn!” Ọkọ mi á sáré fi ọwọ́ bíríkìlà rẹ̀ bò mí lẹ́nu: “Ìyàwó, má tú wa fó!” Bíi pé wọ́n ń gbọ́ wa nínú tẹlifíṣọ̀n!

Ó jáde láyé lọ́dún tó kọjá. Sátidé tó lọ yìí, Apárí tún gbé àga. Mo lanu, mo sì fi ọwọ́ ara mi bò ó. Bí Apárí ṣe gba bẹ́líìtì nìyẹn. Àwọn ọmọ ní, “Màámi, eré mà ni, kí lẹ ń sunkún sí?”

Ṣé n ò mọ̀ pé eré ni?

Ẹ̀yin olùgbọ́, ṣé kí n ṣì máa wò ó? Ọwọ́ tèmi kéré, kò bo ẹnu mi tán.