Bàbá, Mo Sọ Ọ̀rọ̀ Àìsàn Màmá Síta

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Inú pálọ̀ ni mo jókòó sí tí mo ń kọ lẹ́tà yìí, lórí tábìlì tí ẹ máa ń tú aago oníbàárà sí tí iṣẹ́ bá pọ̀ tí ẹ fi gbé díẹ̀ wálé. Màmá wà nínú kíṣìnì, wọ́n ń fọ ìkòkò, wọ́n ń kọrin lábẹ́nu. Ara wọn le. Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ gbọ́ kí ọkàn yín lè balẹ̀, torí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ kò dùn ní ìbẹ̀rẹ̀, mo sì ṣe ohun kan nínú ẹ̀ tí ẹ kì bá tí fọwọ́ sí.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tẹ́ ẹ ti lọ. Mi ò tíì gbàgbé ọjọ́ tí a ti ọsibítù dé, lẹ́yìn tí dókítà sọ fún wa pé jẹjẹrẹ ló wà nínú prositéètì yín. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ tò ó síbi tẹ́ ẹ máa ń tò ó sí, ẹ wá sọ fún èmi àti Màmá pé ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yẹn. A gbọ́ràn sí yín lẹ́nu. Àwọn ará ìjọ rò pé ibà ni, àwọn mìíràn rò pé ọjọ́ orí ni. Ẹ ṣì ń lọ sí ṣọ́ọ̀bù kékeré tẹ́ ẹ ti ń tún aago ṣe ní Marina títí ẹsẹ̀ yín kò fi gbé yín mọ́. Nígbà tí Ìyá Filomẹ́nà láti ìjọ gbé ọbẹ̀ ẹja wá kí yín, ẹ ní kí n sọ fún wọn lẹ́nu ọ̀nà pé ẹ ti sùn. Mo sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo padà wọlé, ẹ jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ ń fi áńkáṣíìfù nu awò kékeré tẹ́ ẹ máa ń fi sójú wo inú aago. Awò náà kò dọ̀tí. Bẹ́ẹ̀ lẹ máa ń ṣe tí ọkàn yín kò bá balẹ̀.

Ọjọ́ tí a sin yín, Fada fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní, “Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?” Ṣé torí ìtìjú ni, Bàbá? Àbí ẹ kò fẹ́ kí wọ́n káàánú yín? Mi ò dá yín lẹ́bi. Ó kàn ń dùn mí pé àwa mẹ́ta péré la gbé ẹrù yẹn, ó sì wúwo jù fún wa.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà tí òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀, mo rí i pé Màmá kì í fẹ́ gbé apá òsì sókè mọ́. Tí wọ́n bá fẹ́ sá aṣọ, ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni wọ́n ń lò. Mo bi wọ́n, wọ́n ní àwọn sùn lé apá ni. Lọ́jọ́ Sátidé kan tí mò ń pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn, ìwé àyẹ̀wò ọsibítù jábọ́ látinú àpò ìrọ̀rí. Kókó kan wà nínú ọyàn òsì, wọ́n ti gé díẹ̀ nínú ẹ̀ lọ yẹ̀ wò, jẹjẹrẹ sì ni. Bàbá, wọ́n ti dá lọ, wọ́n ti dá bọ̀, n kò mọ̀. Mo di ìwé náà mú títí wọ́n fi dé láti ọjà. Wọ́n gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ká a, wọ́n ní, “Ọ̀rọ̀ yìí ò gbọdọ̀ jáde nínú yàrá yìí.” Ọ̀rọ̀ yín gan-an ni wọ́n sọ, kò yàtọ̀ rárá. Ìyẹn bà mí lẹ́rù ju ìwé náà lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi pa á mọ́ra. Ẹ mọ ibi tí mo ti ń tẹ ìwé fún àwọn lọ́yà ní Igbosere. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mò ń tẹ ìwé ìbúra kan, àfi bí lọ́yà ṣe pè mí pé ta ni obìnrin tí mo kọ orúkọ ẹ̀ síbi tó yẹ kí n kọ orúkọ oníbàárà òun sí. Orúkọ Màmá ni mo tẹ̀ síbẹ̀, lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo tọrọ àforíjì, mo jáde lọ sórí àtẹ̀gùn, mo sunkún níbẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn Mísà, mo tẹ̀ lé Ìyá Filomẹ́nà. Ẹ mọ̀ pé àwọn ni olórí àwọn obìnrin tó ń ka Rosárì, wọ́n sì ṣì ń ta léèsì ní Ìdúmọ̀tà. Níwájú ère Màríà Wúndíá ni mo ti sọ ọ́ fún wọn. Wọn kò pariwo. Wọ́n kàn di ọrùn ọwọ́ mi mú.

“Ṣé ó ti rí dókítà?”

“Wọ́n ti rí dókítà, mà. Dókítà ní kí wọ́n wá ṣiṣẹ́ abẹ, Màmá ní àwọn máa kọ́kọ́ gba àdúrà nofénà.”

“Ó dáa. Máa lọ sílé. Má sọ fún un pé mo ti gbọ́.”

Láago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè, àwọn obìnrin mẹ́fà kan ilẹ̀kùn wa. Màmá ti rí wọn láti ojú fèrèsé. Wọ́n yíjú sí mi.

“Ìwọ lo sọ fún wọn.”

“Èmi ni, mà.”

“Bàbá ẹ ò ní ṣe báyìí sí mi láyé.”

Wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn, Bàbá, torí òótọ́ ni, ẹ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ mo ṣílẹ̀kùn ìta, mo ní kí wọ́n máa wọlé. Ìyá Filomẹ́nà jókòó sórí àga yín. Mi ò lè sọ fún wọn pé àga yín ni. Wọn kò bi mí léèrè Màmá, wọn kò pè wọ́n. Wọ́n yọ Rosárì, wọ́n kọjú sí ilẹ̀kùn yàrá, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà bí ẹni pé Màmá wà láàárín wọn. Èmi dúró ti fíríìjì bí àlejò nínú ilé wa. Wọ́n ti dé ìpele kẹrin nínú márùn-ún tí Rosárì ní kí ilẹ̀kùn tó ṣí. Màmá jáde, wọ́n ti wé gèlè, wọ́n jókòó sí ẹ̀gbẹ́ àga, wọ́n sì ń dáhùn àdúrà pẹ̀lú wọn títí wọ́n fi parí.

Nígbà tí gbogbo ẹ̀ dákẹ́, Màmá ní, “Ẹ̀yin ìyá mi, mi ò fẹ́ kéèyàn máa wo àyà mi tí mo bá ń kọjá ní ṣọ́ọ̀ṣì.”

Ìyá Filomẹ́nà dáhùn pé, “A ò wá wo àyà ẹ. Ìwọ la wá wò.”

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, gbogbo wọn bá rẹ́rìn-ín. Màmá gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín, kò ṣeé ṣe fún wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n sunkún, mo sì rí i pé ó ti pẹ́ tí ẹkún náà ti ń dúró.

Wàhálà iṣẹ́ abẹ ló kù. Màmá ní, “Ẹ jẹ́ ká ṣe nofénà ọjọ́ mẹ́sàn-án yẹn ná. Tí Ọlọ́run bá wò mí sàn, kí ni mo fẹ́ fi abẹ ṣe?” Mo ti ń ronú ohun tí mo máa sọ nígbà tí Ìyá Filomẹ́nà ní, “A máa ṣe é. Wọ́ọ̀dù la ti máa parí ẹ̀. Ọlọ́run mọ ọ̀nà ọsibítù.” Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀bù wọn, wọ́n sì tẹ̀ lé Màmá lọ gba ọjọ́ iṣẹ́ abẹ. Mi ò rò pé èmi nìkan lè gbé Màmá débẹ̀.

Nígbà tí ọjọ́ náà kù sí dẹ̀dẹ̀, Fada wá sílé, wọ́n fi òróró mímọ́ yàn wọ́n níwájú orí àti ní àtẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ gan-an, àwọn obìnrin náà pín wákàtí láàárín ara wọn, kí ẹnì kan lè máa gbàdúrà nígbà gbogbo tí Màmá bá wà nínú yàrá iṣẹ́ abẹ. Tí ẹnì kan bá parí tiẹ̀, á kọ ọ́ sórí Wásáàpù, ẹlòmíì á gbà á. Ọ̀kan wà nídìí ọjà ẹ̀, ọ̀kan ń gbé ọmọ-ọmọ ẹ̀ pọ̀n, ọ̀kan fi ohùn ránṣẹ́ pé òun wà nínú ọkọ̀, kí wọ́n fojú fo ariwo tó wà nínú fóònù òun. Èmi wà ní kọ́rídọ̀ ọsibítù. Mo ní láti jẹ́wọ́ fún yín pé n kò tíì fọwọ́ kan Rosárì láti ọjọ́ tí a ti sin yín. Nígbà tó kàn mí, ìjà ni mo kọ́kọ́ bá Ọlọ́run jà nítorí yín. Mo bi í pé níbo ló wà nígbà tiyín. Mo bá bẹ̀rẹ̀, mo kí Màríà lẹ́ẹ̀kan, mo kí i lẹ́ẹ̀kejì, títí mo fi parí, mo sì kọ ọ́ sórí Wásáàpù kí ẹlòmíì lè gbà á.

Wọ́n gé ọyàn òsì kúrò. Lẹ́yìn náà ni oògùn tí wọ́n ń fà sí wọn lára, tí wọ́n ń pè ní kímò. Irun orí Màmá bọ́, èékánná wọn dúdú, ohun gbogbo ń rùn sí wọn. Àwọn obìnrin náà kò jẹ́ kí wọ́n dá lọ gbà á rí. Ẹnì kan nínú wọn wá ń sọ pé bóyá ẹ̀ṣẹ̀ kan wà tí Màmá kò tíì jẹ́wọ́. Ìyá Filomẹ́nà fi ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, kò sì padà wá pẹ̀lú irú ọ̀rọ̀ yẹn mọ́.

Lọ́jọ́ Jímọ́ Rere, wọ́n gbé frejọ́n wá fún wa. Ẹ mọ̀ bí ẹ ṣe fẹ́ràn ẹ̀wà tí wọ́n fi omi àgbọn sè tí wọ́n sì lọ̀ kúnná yẹn, tó fi jẹ́ pé ẹ máa ń fi ìka nu abọ́, Màmá á máa bínú. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta tí oúnjẹ kan kò ti dúró nínú Màmá. Wọ́n tọ́ ọ wò ní ẹnu ṣíbí. Wọ́n dúró díẹ̀. Wọ́n tún mú ṣíbí mìíràn. Wọ́n jẹ àwo kan tán, wọ́n wá ní àgbọn ẹ̀ kò tó. Mo sáré wọ bálùwẹ̀ lọ kí wọ́n má bàa rí ojú mi.

Kímò ti parí báyìí. Irun ti ń hù padà, funfun báláú, ó sì bá wọn mu. Dókítà ní àwọn á máa yẹ̀ wọ́n wò lóòrèkóòrè, torí náà mi ò lè sọ pé gbogbo ẹ̀ ti tán. Ṣùgbọ́n a ń jẹun, a ń sùn, àwọn èèyàn ń wọlé wa, wọ́n ń jáde. Màmá ti dárí jì mí. Wọn kò fẹnu sọ ọ́ o, wọ́n kàn ní kí n máa tẹ̀ lé àwọn.

Ibi tí wọ́n mú mi tẹ̀ lé wọn lọ lóṣù tó kọjá ló mú kí n kọ lẹ́tà yìí. Bàbá kan wà nínú ìjọ wa, Bàbá Dáníẹ́lì, bíríkìlà tó ti fẹ̀yìn tì. Irú àìsàn tó ṣe yín ló ń ṣe wọ́n. Ìyàwó wọn ló sọ fún àwọn onírosárì. Nígbà tí a wọlé, Bàbá Dáníẹ́lì kọjú sí ògiri. Màmá fa àga, wọ́n sọ fún wọn pé ọyàn kan ló kù fún àwọn, pé ojú ti àwọn náà nígbà kan. Bàbá náà yíjú padà. Èmi ni wọ́n ń wò.

“Ìwọ ńkọ́? Ta ló ṣàìsàn lọ́dọ̀ tìẹ?”

“Bàbá mi ni, sà. Irú èyí tó ń ṣe yín yìí ni. Wọ́n ti kú.”

“Àwọn wo ló bá a gbàdúrà?”

Mo sọ fún wọn pé kò sẹ́ni tó mọ̀ nígbà yẹn, àyàfi àwa nínú ilé. Bàbá Dáníẹ́lì wá bi mí léèrè orúkọ yín. Mo dárúkọ ìsàmì yín, mo dárúkọ ilé mọ́ ọn. Wọ́n ní kí ìyàwó àwọn gbé àwọn jókòó. Nígbà tí Rosárì dé ọ̀dọ̀ wọn láti ṣáájú, wọ́n ní àdúrà tàwọn ṣì lè dúró, pé tiyín làwọn máa kọ́kọ́ gbà. Wọ́n pe orúkọ yín sókè, gbogbo yàrá náà sì dáhùn. Màmá di ọwọ́ mi mú, wọn kò fi sílẹ̀ títí a fi parí.

Bàbá, tí ẹ bá fẹ́ bínú sí mi pé mo sọ ọ́ síta, mo gbà. Ṣùgbọ́n wọ́n ti mọ̀ yín báyìí, wọ́n sì ń pè yín.

Èmi ọmọbìnrin yín, tí ìfẹ́ yín kò kúrò lọ́kàn rẹ̀.