Ìdajì Gbólóhùn Bàbá Mi Lára Ògiri

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín nínú àlàáfíà, kí ikọ́ tó ń dà ọ́ láàmú sì ti lọ. Ara tèmi le, ojú ló ń tì mí.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ra òwú ìránṣọ, mo wá ń dúró de ọkọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ilé-ìwé girama. Ibẹ̀ ni mo ti rí àwòrán bàbá mi, bàbá àgbà rẹ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ọ̀gá rẹ tó ń du ipò. Inú mi kọ́kọ́ dùn. Ìgbà tó yá ni mo ka ohun tí ẹ kọ sábẹ́ rẹ̀: "Olórí ni ojú wa, òun ni kó máa ríran fún wa."

Àwọn ọmọbìnrin ilé-ìwé kan dúró síbẹ̀. Ìwé bàbá mi tí ẹ ti yọ gbólóhùn náà ni wọ́n ń kà ní kíláàsì, ni wọ́n bá jọ parí rẹ̀ lákọ̀ọ́sórí: "Báyìí ni àwọn tó ń jẹun lábẹ́ tábìlì olórí wí, títí gbogbo wọn fi jọ já sí kòtò." Ọ̀kan ní, "Ọmọọmọ rẹ̀ mà ló ń kọ̀wé fún ọkùnrin yìí o! Àbí kò ka ìwé náà ni?" Èkejì ní, "Ó kà á, ọ̀rẹ́ mi. Ibi tó wù ú ló ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Èmi ń tú báàgì mi bí ẹni tó ń wá nǹkan.

Nítorí ojú ewé yẹn ni wọ́n ṣe lé bàbá mi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Inú yàrá kan ni gbogbo wa kó sí, orí òkìtì ìwé tí kò tà ni wọ́n ń tẹ́ mi sí. Wọ́n ní kó kọ̀wé tọrọ àforíjì, ó ní ọwọ́ ń dun òun. Ọwọ́ náà ló sì fi kọ ìwé méjì mìíràn. Àwọn tó lé e, ta ló rántí orúkọ wọn?

Nígbà tí mo pè ọ́ lórí fóònù, o ní, "Màámi, ìṣèlú nìyẹn. Ta ló ń ka ojú ewé dé ìsàlẹ̀?" Ọmọ mi, àwọn ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù ń kà á. Mo mọ̀ pé o ní ẹnu tí o ń bọ́, n kò sì bá ọ jà nítorí iṣẹ́. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í jogún ìyìn baba rẹ̀ kó ní òun kò bá ìjà rẹ̀ tan.

Ọ̀gá rẹ ti ránṣẹ́ pé kí n wá jókòó ti òun ní ìpàdé ọjọ́ Sátidé, kí n sì sọ̀rọ̀ díẹ̀. Mo ní mo ń bọ̀. Bí ẹ bá ti yọ gbólóhùn yẹn kúrò, n ó kí wọn, n ó jókòó. Bí ẹ kò bá yọ ọ́, n ó ka ojú ewé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, níṣojú rẹ.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní iṣẹ́ tí kò ní máa mú ọ sá fún ojú èèyàn. Wàá dàgbà, wàá dógbó, àwọn ọmọ rẹ yóò sì ka ohun tí o kọ láìbojú.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tó sì fẹ́ràn rẹ.

Mo tún rántí: Mo ti ń kà á sókè níwájú dígí. Bí mo bá ti dé ìlà kejì, ohùn mi á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Jọ̀wọ́, má jẹ̀ẹ́ kó di dandan.