Àmì Kẹsàn-án Lórí Pátákó

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 11 oṣù Karùn-ún
A kúrò ní èbúté Puerto Princesa nírọ̀lẹ́. Wákàtí mẹ́wàá lórí òkun kí a tó dé òkìtì iyùn abẹ́ omi. Àlejò méjìlá. Ọdún kẹtàdínlógún mi rèé tí mo ń mú àlejò mòòkùn níbẹ̀, ara mi ṣì ń yá gágá.

Baba Ìwé — ọ̀gákọ̀ wa, Isagani, ni mò ń pè bẹ́ẹ̀, torí kò sóhun tí kì í kọ sílẹ̀ — tún ka òfin pátákó sí gbogbo wa létí. Kálukú ló ní àmì idẹ tirẹ̀ lórí ìṣó pátákó náà, pẹ̀lú nọ́ńbà. Tó o bá ń lọ sómi, yọ ọ́ lórí ìṣó, so ó mọ́ aṣọ rẹ. Tó o bá dé, gbé e kọ́ fúnra rẹ. Ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ bá ẹlòmíràn gbé e kọ́. Bí pátákó bá kún, ọkọ̀ lè ṣí.

Èmi máa ń kọjú nọ́ńbà tèmi sí pátákó. Bàbá mi ló kọ́ mi, kí iyọ̀ má baà jẹ ọ̀dà rẹ̀. Wọ́n ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Mi ò jáwọ́.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ 12
Ẹja ekurá eléyín mímú mọ́kànlélógún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri iyùn! Wọ́n ń lọ gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ bí onílé. Ẹ̀rù ò ba Tíṣà Fermin rárá — ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì ní ìlú Iloilo. Nígbà tí a jáde sókè, ó ní ogójì ọdún lòun fi ya iyùn fáwọn ọmọ iléèwé, òun ò mọ̀ pé ohun tóun ń yà ń mí. Mo fẹ́ràn bàbá yìí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ 13
A gbàgbé èèyàn sójú òkun.

Ọkọ̀ kékeré méjì ló kó wa padà sínú ọkọ̀ ńlá. Jomar, atọ́nà kejì, wà nínú ọ̀kan, èmi nínú èkejì. Kálukú rò pé Tíṣà wà lọ́dọ̀ ẹnìkejì. Mo ka pátákó lẹ́ẹ̀mejì. Ó kún. A ṣí. Ìgbà tí a bu ìrẹsì ọ̀sán ni a rí i pé àwo kan kò lólúwa.

A yí padà. Lẹ́yìn wákàtí kan ó lé, a rí rọ́bà pupa tí Tíṣà fẹ́ atẹ́gùn sí, tó nà sókè. Ó léfòó, ó ń ka ìsọdipúpọ̀ sókè kí ẹ̀rù má baà pa á. Ó ti dé orí mẹ́tàlá. Kò bú wa. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Nọ́ńbà kẹsàn-án ni tiẹ̀. Kò sí lára aṣọ rẹ̀, orí ìṣó ló wà. Ta ló gbé e kọ́?

Ọjọ́rú, ọjọ́ 14
Baba Ìwé gbé ìwé wá: "Èmi, Nenita, kò ka àmì dáadáa." Kí n buwọ́ lù ú, kí wọ́n gba káàdì atọ́nà mi bí a bá délé. Mo ní mi ò ní buwọ́ lu irọ́. Ó ní títí n óò fi buwọ́ lù ú, ẹsẹ̀ mi ò ní kan omi. Kó má kan án. Mo jókòó ti ẹ̀rọ tó ń rọ afẹ́fẹ́ sí sílíńdà, mo ń kọrin. Kí inú máa bí i.

Ta ló tún wà nídìí pátákó lọ́jọ́ náà? Jomar. Èmi ni mo kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń mòòkùn. Láti àná, kò lè wojú mi. Nídìí oúnjẹ, mo sọ ọ́ lójú gbogbo wọn: "Jomar, òtítọ́ kì í ṣìnà, irọ́ ní ń forí gbọgbẹ́. Ìwọ lo gbé e kọ́. Òpùrọ́ ni ẹ́."

Ó ń jẹ ẹja gbígbẹ rẹ̀ lọ.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ 15
Mi ò buwọ́ lù ú.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ 16
A ti ń súnmọ́ ilé. Láàárọ̀ yìí mo ń ká okùn, Jomar wá dúró tì mí.

"Àǹtí, nígbà tá a gbé Tíṣà dé, mo sáré lọ wo pátákó kí ọ̀gá tó débẹ̀. Nọ́ńbà kẹsàn-án kọjú sí pátákó. Mo bá yí i síta."

Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ.

"Kí n sọ fún ta? Ta ló tún ń gbé e kọ́ bẹ́ẹ̀ nínú ọkọ̀ yìí?"

Ó ká okùn tó kù fún mi, ó lọ.

Mo wá rántí. Idẹ kan nílẹ̀ẹ́lẹ̀ tútù, lẹ́bàá àkàsọ̀, nígbà tí a padà dé inú ọkọ̀ ńlá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní láti jẹ́ pé ó já bọ́ lára Tíṣà nígbà tó ń sọ̀ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ kékeré. Èmi rò pé olówó rẹ̀ ti dé, pé ó kàn jù ú sílẹ̀ ni. Mo mú un, mo nù ún mọ́ ṣòkòtò, mi ò wo nọ́ńbà rẹ̀, mo gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà mo kà á. Lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹni tí mo pè lópùrọ́ ti fi ọjọ́ mẹ́ta bo àṣírí mi. Ojú tì mí dé egungun.

Mo ti sunkún tán. Síbẹ̀, mi ò ní buwọ́ lu ìwé Baba Ìwé. Irọ́ ṣì ni, mo ka àmì dáadáa. Mo ti kọ tèmi: "Èmi, Nenita, ni mo gbé àmì Tíṣà Fermin kọ́. Jomar kò mọwọ́ mẹsẹ̀." Mo buwọ́ lù ú. Ibi tí mo ti bú u, lójú àwọn tó gbọ́ ọ, ni n óò ti kà á. Kí wọ́n gba káàdì wọn. Ẹnu ẹlòmíràn kọ́ ni wọn óò ti gbọ́ ọ.

Wọ́n ti lu agogo oúnjẹ. Mo ti yí àmì tèmi kọjú síta.