Alice Ọláyẹmí Òjédélé (1968–2025), Ìyá Tó Wá Aládùúgbò Kòkòrò Ibà

Amoutivé ní ìlú Lomé ni wọ́n bí Màmá Alice sí, ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọdún 1968. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá wọn. Ìyá wọn ń ta èédú ní ọjà Adewui. Ẹni tó bá jókòó ti ìyá eléèédú kò ní lọ sílé láìdúdú láṣọ. Ẹni tó bá jìnnà kò ní gba àmì kankan. Màmá kò gbàgbé èyí.

Wọ́n yege nínú bac, ìdánwò àṣejáde ilé ẹ̀kọ́ girama, ní 1988, wọ́n sì fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Sunday Òjédélé ní 1992. Ọdún kejì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan ní Aflao-Gakli. Wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ. Bí orin bá ṣì, gbogbo ìjọ mọ ẹni tó ṣì í.

Ní 2021, Dókítà Jean-Paul, ọ̀gá wọn, mú iṣẹ́ tuntun wá. Wọn yóò fi èròjà kan sára kòkòrò ibà nínú ẹ̀jẹ̀ aboyún, wọn yóò kán oògùn sí i. Láàárín ìṣẹ́jú kan, èròjà náà yóò ta àmì sára kìkì àwọn nǹkan inú ẹ̀jẹ̀ tó múlé tì í, kí a lè mọ ohun tí kòkòrò náà ń dì mú. Bí ìṣẹ́jú náà bá ti pé, wọn gbọ́dọ̀ pa agbára oògùn náà, kí àmì má baà tàn dé ọ̀dọ̀ àwọn tó jìnnà. “Èédú ìyá mi nìyí,” ni Màmá wí.

Ìgò ẹ̀jẹ̀ méjì péré ló wà. Bí Màmá ti kán oògùn sí àkọ́kọ́, Bàbá Ezekiel, ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn, yọjú. Màmá kúnlẹ̀. Bàbá bèèrè ọkọ, wọ́n bèèrè ọmọ, wọ́n bèèrè ìjọ, wọ́n bèèrè ẹsẹ̀ tó ń dun Màmá. Nígbà tí Màmá yóò fi dìde, ìṣẹ́jú mẹ́fà ti kọjá; gbogbo inú ìgò ló ti gba àmì, onílé àti àlejò.

“Tantì Alice,” ni Dókítà wí, “ó ku ẹyọ kan. Bí èyí bá tún bàjẹ́, iṣẹ́ parí nìyẹn.”

Lọ́jọ́ kejì, Màmá lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn: “Ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú kan. Mo ti kúnlẹ̀ tẹ́lẹ̀.” Bàbá Ezekiel gbọ́, wọ́n gbé àga síwájú ilẹ̀kùn náà. “Èmi ni kẹ́ ẹ kí,” ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá dé. “Ìyàwó wa ń ṣiṣẹ́.” Ìṣẹ́jú kan pé, Màmá sì pa agbára oògùn náà. Àwọn aládùúgbò díẹ̀ péré ló gba àmì, wọ́n sì hàn kedere. Lórí wọn ni yàrá náà ń ṣiṣẹ́ títí dòní.

Màmá sùn nínú Olúwa ní ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, ọdún 2025. Wọ́n fi ọkọ sílẹ̀, àti ọmọ méjì: Olúwatóbi, àti Fisáyọ̀ tó ń jókòó sídìí tábìlì Màmá nínú yàrá náà báyìí; pẹ̀lú ọmọ-ọmọ mẹ́rin, Élise ni àbíkẹ́yìn wọn. Bàbá Ezekiel náà wà, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ yọ ìwé ara ilẹ̀kùn yẹn.

Màmá, ẹ ti kúnlẹ̀ tó. Ẹ jókòó ti Olúwa yín wàyí, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ta sí yín láṣọ. Ẹ sùn re o.