Àwòrán Tí Wọ́n Ní Kí Àǹtí Mi Wò

Ojúlé 14, Àdúgbò Ọbáwọlé,
Ìfàkò-Ìjàyè, Èkó.
10 Oṣù Kẹjọ, 2025.

Oyinadé, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Báwo ni Adó-Èkìtì? Ṣé ara mámá ti ń le sí i? Ọkọ rẹ àti àwọn ìbejì ńkọ́? Àwa náà wà dáadáa, a dúpẹ́.

Ṣé o rántí ìkànnì ayélujára tí mo ṣe fún ilé ìwòsàn kan ní Allen, èyí tí mo fi ń yangàn fún ọ? Ó ti dójú tì mí.

O mọ Àǹtí Ojúọlápé, àbúrò bàbá mi, tíṣà tí ojú wọn fọ́ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Fóònù wọn ló máa ń ka gbogbo nǹkan sókè fún wọn. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní Ọmọlé ní Sátidé, wọ́n ní ó ti di ọjọ́ mẹ́ta tí àwọn ti ń gbìyànjú láti gba ọjọ́ tí àwọn máa rí dókítà lórí ìkànnì yẹn gan-an, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. "Fọláyọ̀, ó jọ pé orí mi kò gba nǹkan mọ́."

Mo ní kí wọ́n tún un ṣe kí n gbọ́. Ibi yòówù tí wọ́n bá fọwọ́ kàn, "bọ́tìnì" nìkan ni fóònù ń pè, torí n kò kọ orúkọ kankan sí ìdí àwọn àwòrán kéékèèké tí mo tò síbẹ̀. Wọ́n fi sùúrù ṣe é dé ìparí. Ibẹ̀ ni ìkànnì ti ní kí wọ́n fi hàn pé ènìyàn ni wọ́n, kí wọ́n mú àwòrán tí bọ́ọ̀sì wà nínú rẹ̀.

Wọ́n rọra gbé fóònù sílẹ̀. "Ṣé o gbọ́? Wọn kò gbà pé ènìyàn ni mí."

Mo jẹ́wọ́ pé èmi ni mo ṣe é. Wọ́n béèrè bóyá mo ti jẹun.

Ní Mọ́ńdè, ọ̀gá mi, Ọ̀gbẹ́ni Dàwódù, ní a kò lè yọ àyẹ̀wò yẹn, nítorí àwọn oníjìbìtì tó ń fi ẹ̀rọ ṣe bí ènìyàn. Irú àyẹ̀wò náà tó ń fi ohùn sọ̀rọ̀ dípò àwòrán wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ariwo rẹ̀ pọ̀ débi pé èmi gan-an kò gbọ́ ohun tó ń sọ. Mo jẹ́ kí fóònù mi máa ka nǹkan sókè bíi ti Àǹtí, mo gbé e fún ọ̀gá mi, mo ní kí wọ́n dijú, kí wọ́n gba ọjọ́ dókítà. Wọ́n gbìyànjú títí, wọ́n lajú. "Yọ ọ́. A máa wá nǹkan mìíràn fi dípò rẹ̀."

Ọjọ́ méjì ni mo fi kọ orúkọ sí gbogbo bọ́tìnì. Ní Tọ́sìdeè, Àǹtí pè mí pé àwọn ti gba aago mẹ́wàá, ọjọ́ Túsìdeè. Mo ní kí n wá mú wọn lọ. Wọ́n ní rárá, àwọn ti bá oníkẹ̀kẹ́ àwọn sọ ọ́.

Ó ku ìkànnì mọ́kànlá tí mo ti ṣe sẹ́yìn, Oyinadé. N kò mọ iye ènìyàn tí wọ́n ti lé padà. Mo ti bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ti àkọ́kọ́.

Bá mi kí mámá àti bàbá àwọn ìbejì.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́,
Fọláyọ̀