Irin Tí A Fi Òdòdó Sí Lọ́jọ́ Ìgbéyàwó Mi

Bàbá mi, ológun mi tí kì í pariwo,

Mo ti di ìyàwó. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu èmi fúnra mi kí ẹlòmíràn tó ròyìn rẹ̀ fún yín níbi tí ẹ wà. Pásítọ̀ wa kò fẹ́ kí a máa bá òkú sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí ó mọ sáàárín wa.

Kúnlé ni orúkọ ọkọ mi. Bí ó bá fẹ́ sọ ohun apanilẹ́rìn-ín, ẹ̀rín á ti pa òun fúnra rẹ̀ kí ó tó sọ ọ́ dé ìdajì, a kì í sì í gbọ́ ìyókù, síbẹ̀ èmi á ti máa rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń ṣí omi sílẹ̀ nídìí abọ́ tí mo ń fọ̀, tí n ó gbàgbé pé ó ń ṣàn. Mo ń jí láàárọ̀, mo ń wo ojú rẹ̀, mo ń sọ nínú ara mi pé èmi náà rèé. Ayọ̀ náà pọ̀ débi pé ó ń já mi láyà.

Ní ìjọ wa ní Reggio Emilia, ní Italy níbí, nínú capannone, ilé ìkẹ́rù ńlá tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin, ni a ti ṣe é. Alàgbà kan ló fà mí lọ́wọ́ wọlé dípò yín. Ṣé ẹ rí mi? Ṣé aṣọ náà kò gùn jù?

Òdòdó wà níwájú pẹpẹ, nínú irin kan tó ń dán. Irin yẹn ni mo fẹ́ bá yín sọ. Kúnlé ń ṣiṣẹ́ nídìí tornio, ẹ̀rọ tí ń yí irin, ní officina kan, ilé iṣẹ́ irin lẹ́yìn ìlú. Agenzia, àwọn tí ń bá ènìyàn wáṣẹ́, ló rán an lọ. Ohun kan ṣoṣo ló ń ṣe níbẹ̀: wọn á gbé irin oníhò kan fún un, tó rí bí ìgò tí ẹnu rẹ̀ ń tín-ín-rín lọ, òun á sì la ìlà jíjìn kan yí ìdí rẹ̀ ká. Nígbà tí ó sọ fún capo, ọ̀gá rẹ̀, pé òun fẹ́ gbéyàwó, capo fún un ní ọ̀kan tó ti bàjẹ́, ó ní kó máa mú un lọ, scarto ni, ohun tí wọ́n fẹ́ dànù. Kúnlé fi iyanrìn bó o, ó fi aṣọ nù ún títí a fi ń rí ojú wa nínú rẹ̀.

Ní ìjọ wa, ẹni tó bá ríṣẹ́ máa ń mú nǹkan iṣẹ́ náà wá sí pẹpẹ fún àdúrà. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó á mú épírọ́ọ̀nù rẹ̀ wá, awakọ̀ á mú kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà ni Kúnlé fi mú irin rẹ̀ wá, pẹ̀lú òdòdó mi nínú rẹ̀. Pásítọ̀ da òróró sí i.

“Iṣẹ́ ọwọ́ ọmọ yìí, máa lọ jìnnà. Ibi tí wọ́n bá rán ọ, o kò ní tàsé. O kò ní padà lófo.”

Gbogbo ìjọ ṣe Àmín. Ohùn tèmi ló ròkè jù.

Lẹ́yìn náà ni ẹ̀gbọ́n Kúnlé obìnrin ní kí a wá jayé ní Torino. Ilé wọn kò jìnnà sí ọjà Porta Palazzo, wọ́n sì fi yàrá wọn sílẹ̀ fún wa. Ní Sátidé, a jáde lọ sí Borgo Dora, níbi tí wọ́n ti ń pàtẹ ohun àtijọ́ sílẹ̀, kí a lè ra dígí tí a ó gbé kọ́ ara ògiri. Òjò dé. A sáré wọ ẹnu géètì ńlá kan.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣe ìbọn àti àgbá fún àwọn ológun Italy láyé àtijọ́ ni. Lóde òní, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi tí àlejò ti ń rí oúnjẹ jẹ, tó ti ń rí ibi sùn. Signora kan, ìyá àgbàlagbà, ń mú àwọn ènìyàn yí ibẹ̀ ká, ó sì juwọ́ sí wa pé kí a wá. Bàtà mi kún fún omi. Kúnlé ti ki ọwọ́ mi bọ àpò jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín.

Ògiri ibẹ̀ nípọn. Òtútù tó wà nínú rẹ̀ kì í ṣe ti òjò. Wọ́n gbé àwòrán ńlá kan kọ́: àwọn obìnrin tó wọ aṣọ gígùn, tí wọ́n tò sídìí tornio, tí ẹnì kankan nínú wọn kò rẹ́rìn-ín. Nǹkan kan dúró lórí tábìlì lábẹ́ àwòrán náà.

“Kúnlé, wò ó. Ìkòkò òdòdó wa.”

Kò rẹ́rìn-ín. Ó bẹ̀rẹ̀, ó fi àtàǹpàkò sínú ìlà tó wà nídìí rẹ̀, ó sì ń tọ̀ ọ́ yí ká.

“Signora, questo cos'è?” Kúnlé bi ìyá náà pé kí nìyẹn.

“Un proiettile, caro.”

Ọta ìbọn àgbá ni, Bàbá. Ìyá náà rọra ṣàlàyé pé inú ìlà yẹn ni wọ́n ń fi òrùka idẹ sí, kí ọta náà lè máa pòyì lójú òfuurufú, kó má bàa tàsé.

“Ibi tí ọwọ́ mi máa ń wà nìyẹn,” Kúnlé wí.

“Kí ni wọ́n sọ fún ẹ pé ó jẹ́?”

“Pezzi meccanici, ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Mi ò bi wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.”

“O ò bi wọ́n?”

“Ta ló ń bi capo ní ìbéèrè, ìyàwó? Ìwọ náà, ṣé o bi ìyá arúgbó tí ò ń tọ́jú pé kí ni ọkọ ẹ̀ ṣe kó tó kú?”

Ẹsẹ̀ yín ni mo ń rò, ẹsẹ̀ òsì tí ẹ gbé ọgbẹ́ rẹ̀ bọ̀ láti ogun Làìbéríà. Bí ẹ ṣe máa ń fi ọwọ́ bò ó bí ọyẹ́ bá mú, bí ẹni fẹ́ rẹ ọmọ lẹ́kún. Bí ẹ kò ṣe jẹ́ kí a yin bánńgà rí lọ́jọ́ Kérésì, tí àwọn ọmọ àdúgbò ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Dókítà ní irin tó kù nínú rẹ̀ kò ṣeé yọ. Ó bá yín wọ ilẹ̀. Ta ló la ìlà sí ìdí ìyẹn? Ṣé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéyàwó ni? Ṣé wọ́n gbàdúrà sí i pé kó má tàsé?

Nínú ọkọ̀ ojú irin, nígbà tí à ń padà sílé, ni mo sọ ti irin ẹsẹ̀ yín fún Kúnlé. Tẹ́lẹ̀, ohun tí mo ń sọ fún un ni pé ẹsẹ̀ ń dun bàbá mi. Ó ń wo àtàǹpàkò rẹ̀ títí a fi kọjá Parma.

“Ọjọ́ Ajé ni mo máa fọwọ́ sí indeterminato,” ló wí nígbà tó yá. “Tó o bá ní kí n má lọ, mi ò ní lọ.”

Iṣẹ́ tí kò ní òpin ni indeterminato, Bàbá. Láìsí i, onílé kankan kò ní fún wa ní ilé. Inú yàrá kan ni a wà, lọ́dọ̀ ẹni ẹlẹ́ni. Permesso Kúnlé, ìwé ìgbélùú rẹ̀, ń parí lọ, indeterminato yìí náà ni wọn yóò sì béèrè ní questura, ọ́fíìsì ọlọ́pàá. A ti wá iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ títí ó fi sú wa.

Òní ni ọjọ́ Ajé. Ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò ṣí ilẹ̀kùn.

“Ìyàwó, ìwọ ni mò ń wò o.”

Mo wo ojú fèrèsé. Mo wo ojú rẹ̀ tí mo fẹ́ràn.

“Mú agbòjò dání,” ni mo wí.

Ó mú un. Ó lọ.

Ọmọ tó bá lọ́kọ máa ń bẹ òbí rẹ̀ tó ti lọ pé kó máa ṣáájú ọkọ òun jáde, kó máa tẹ̀lé e wọlé. Ẹ bá wa sùn, Bàbá, ẹ bá wa jí. Ẹ jókòó tì wá nídìí oúnjẹ. Bí ọmọ bá dé, ẹ wá wò ó. Ṣùgbọ́n bí Kúnlé bá ti dé ẹnu ọ̀nà officina yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró síta. N kò fẹ́ kí ẹ rí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣe.

Èmi ọmọ yín, tó fẹ́ràn yín, tó sì fẹ́ràn rẹ̀.